Lẹbẹ ẹja tó ti jẹrà: ṣé ó lè padà hù, kí sì ni kéèyàn ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan nínú kọ́ḿpáǹdì wa ló japa, ó fi goldfish méjì sílẹ̀ nínú táǹkì díńgí, ó tún fi ẹja betta kan sílẹ̀ nínú abọ́ ike. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kankan ti wo ibẹ̀, omi ti dúdú, ó ń rùn, ìrù betta yẹn ti já wélewèle, etí ẹ̀ sì funfun. Ṣé ó lè padà hù àbí kí n kàn gba kámú?

Ìdáhùn: Má gba kámú rárá, àbúrò. Lẹbẹ ẹja kì í ṣe ìka èèyàn, tó bá gé ó máa ń hù padà, egungun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ẹ̀ náà máa ń hù padà. Ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní zebrafish, àwọn onísáyẹ́ǹsì ti gé ìrù ẹ̀ láìmọye ìgbà kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń hù, nínú omi tó móoru dé 28°C, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta báyìí ìrù ti padà. Awọ ló máa kọ́kọ́ bo ojú egbò, àwọn sẹ́ẹ̀lì á wá kóra jọ sábẹ́ awọ yẹn, ibẹ̀ ni tuntun ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Betta tìẹ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ torí ìrù ẹ̀ gùn, ara ẹ̀ ò sì tíì yá, fi ojú oṣù kan sí méjì wò ó, nígbà míì ó tún máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tọ́rọ̀ ti ń le ni tí jíjẹrà yẹn bá ti dé ìdí ìrù, níbi tí lẹbẹ ti so mọ́ ara, torí ibẹ̀ gan-an ló ti ń hù, tí ibẹ̀ bá ti lọ, tuntun ò ríbi gbà yọ mọ́. Torí náà ìdí ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò.

Ìbéèrè: Kí ló ń jẹ ẹ́ gan-an? Ṣé ó kó àrùn ni?

Ìdáhùn: Ó kó o, àmọ́ àrùn yẹn ti wà nílé tipẹ́. Bakitéríà bíi Aeromonas àti Pseudomonas ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, wọ́n sì wà nínú gbogbo omi tí ẹja ń gbé, títí kan èyí tó mọ́ rekete. Tára ẹja bá le, wọn ò rí i gbé ṣe. Omi tó bàjẹ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹja máa ń tú àmóníà, ìdọ̀tí kan tó jẹ́ májèlé, jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ń gba ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀ jáde, oúnjẹ tó jẹrà nísàlẹ̀ táǹkì náà ń dá kún un. Nínú táǹkì tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, bakitéríà rere tó ń gbé inú fílítà (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi) máa sọ àmóníà di nitrite, òmíì á sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Àmóníà àti nitrite gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, nitrate ò gbọdọ̀ ju 40 ppm (mílígíráàmù 40 nínú lítà omi kan) lọ, 20 ló tiẹ̀ dáa jù. Nínú abọ́ ike tí ò ní fílítà, kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ká kúkú sòótọ́, inú ìtọ̀ ara ẹ̀ lẹja ń gbé.

Kì í sì í ṣe gbogbo lẹbẹ tó ya ló ń jẹrà o. Tó bá ya gbọọrọ tí etí ẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ òdòdó onírọ́bà tàbí òkúta ṣóńṣó kan ló fà á ya, wọ́ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ táwọn obìnrin ń wọ̀ kọjá lórí ẹ̀, tó bá kọ́ ìbọ̀sẹ̀ ó máa kọ́ ìrù betta. Betta míì máa ń fúnra ẹ̀ bu ìrù ara ẹ̀ jẹ, alẹ́ kó pé, àárọ̀ kó ti dín. Àwọn ẹja bíi tiger barb sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa já ìrù ẹlòmíì jẹ. Èyí tó ń jẹrà lóòótọ́ ni etí ẹ̀ máa ń rí jákujàku, tó ń funfun tàbí pupa tàbí dúdú, tó sì ń kúrú sí i bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Ìbéèrè: Ohun tó rú mi lójú nìyí. Mo da gbogbo omi dúdú táǹkì goldfish yẹn nù, mo fi ọṣẹ fọ díńgí àti fílítà, mo bu omi tó mọ́ gaara sí i. Nígbà tó fi máa dọjọ́ kejì, ọ̀kan ti ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Omi tó dọ̀tí ò pa á, omi tó mọ́ ló fẹ́ pa á?

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n gbà sílẹ̀ ti ń kú nìyẹn, kì í ṣe nínú ìdọ̀tí. Ẹja tó ti pẹ́ nínú omi burúkú, díẹ̀díẹ̀ lara ẹ̀ fi mọ́ ọn lára. Bí omi ṣe ń pẹ́ láìpààrọ̀ ló ń kan sí i, pH, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bómi ṣe kan tó, ń lọ sílẹ̀, àwọn nǹkan tó yòrò sínú ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Tó o bá ṣàdédé gbé ẹja sínú omi tó yàtọ̀ pátápátá, ara ẹ̀ ò lè yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀.

Àmóníà tún ní ọgbọ́n kan tó máa ń da gbogbo èèyàn láàmú. Oríṣi méjì ló wà nínú omi, ọ̀kan ń pa ẹja, èkejì tí wọ́n ń pè ní ammonium ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, pH ló sì ń pinnu èyí tó máa pọ̀ jù. Nínú omi 25°C, tí pH bá jẹ́ 7, èyí tó ń pa ẹja ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tí pH bá di 8, ó ti tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé omi tó kan lè gbé àmóníà tó pọ̀ gan-an kí ẹja má kú, àmọ́ tó o bá da ìdajì ẹ̀ nù tó o bu omi tí pH ẹ̀ ga lé ìdajì tó kù, àmóníà tó wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa di májèlé lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe ń rí nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé ẹja wálé náà nìyẹn. Èémí ẹja ló ń jẹ́ kí omi inú ọ̀rá kan, tó o bá ti tú u, gáàsì á jáde, pH á gòkè, àmóníà á wá dìde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń kán omi tótótó sínú ọ̀rá ẹja tó ti pẹ́ lọ́nà. Jẹ́ kí ọ̀rá yẹn léfòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí otútù omi méjèèjì bára mu, fi nẹ́ẹ̀tì kó ẹja, da omi ọ̀rá nù.

Ní tìẹ ṣá, gbogbo àmóníà lo ti dà nù pẹ̀lú omi, torí náà yàtọ̀ sí pé omi yí padà lójijì, ọṣẹ ni mò ń fura sí, pẹ̀lú fílítà tó o fọ̀. O ti fọ àwọn bakitéríà rere yẹn lọ, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó padà pé. Láàárín ìgbà yẹn ìwọ fúnra ẹ ni fílítà. Ṣan ọṣẹ yẹn kúrò dáadáa, máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lójoojúmọ́ títí àmóníà àti nitrite á fi wà ní 0, tí fílítà bá tún dọ̀tí, inú omi tó o bù láti inú táǹkì ni kó o ti ṣàn án, má fi ọṣẹ kan nǹkan kan mọ́. Ti betta tó ṣì wà nínú omi àtijọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ lójúmọ́, kó o máa fi kún un títí ọ̀sẹ̀ kan á fi pé. Tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo lowó ẹ ká, ra test kit tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, má ra oògùn.

Ìbéèrè: Omi bọ́hóòlù la ní ńbí, ṣé ó dáa?

Ìdáhùn: Kò ní klorínì, ìyẹn dáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ omi bọ́hóòlù ní Èkó ló kan, tó sì ní irin nínú, tí atẹ́gùn ò sì tó nínú ẹ̀. Bù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, fi ẹ̀rọ atẹ́gùn ẹja sí i mọ́jú, kó o tó lò ó. Àwọn tó ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba, klorínì máa lọ tó bá dúró ọjọ́ kan, àmọ́ àwọn ará wa ní London tàbí Houston, omi tiyín lè ní chloramine, ìyẹn kì í lọ bẹ́ẹ̀, ẹ ra oògùn tó ń pa á.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n da iyọ̀ sí i. Ẹlòmíì ní kí n tú Ampiclox sínú omi.

Ìdáhùn: Iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, Ampiclox rárá.

Iyọ̀ ò wo jíjẹrà sàn o, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín wàhálà ara ẹja kù, torí omi ń wọ ara ẹja olómi aláìníyọ̀ nígbà gbogbo, ó sì ń fi agbára ẹ̀ tú u jáde. Tí nitrite bá tún wà nínú omi, iyọ̀ kì í jẹ́ kó ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Gíráàmù kan sí lítà omi kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀, yò ó nínú ife kó o tó dà á sí i, má jẹ́ kó ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Rántí pé oòrùn ń fa omi lọ, kì í fa iyọ̀, torí náà omi lásán ni kó o fi dí èyí tó gbẹ. Tí ẹja bíi corydoras bá wà ńbẹ̀, fi iyọ̀ sílẹ̀.

Ti Ampiclox, ta ló mọ ìwọ̀n tó yẹ? Oògùn bẹ́ẹ̀ lè pa bakitéríà fílítà tó o ń wá lójú méjèèjì, kó sì fi èyí tó ń jẹ lẹbẹ sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n tuntun. Tetracycline tí wọ́n tún máa ń tú sómi, ó máa ń so mọ́ calcium nínú omi tó le, agbára ẹ̀ á lọ. Tí omi bá ti dáa fún bí ọ̀sẹ̀ kan tí jíjẹrà ṣì ń lọ, tàbí ó ti wọ ara, tàbí o rí ìlà pupa nínú lẹbẹ, tàbí ibi funfun kan gẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, tètè wá dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, FUNAAB náà ní tiwọn l'Ábẹ́òkúta. Ẹja àrọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ jù, má jẹ́ kíyẹn dà ọ́ láàmú, Aeromonas tó ń yọ àrọ̀ lẹ́nu náà ni. Oògùn tí wọ́n bá sì fún ẹ, inú abọ́ ọ̀tọ̀ ni kó o ti lò ó.

Ìbéèrè: Ewé fúrúùtù ńkọ́? Igi ẹ̀ pọ̀ ládùúgbò wa.

Ìdáhùn: Èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń fọ́ kóró ẹ̀ jẹ yẹn? Òun náà ni Terminalia catappa, táwọn tó ń sin betta ní Thailand ń lò. Ewé tó ti gbẹ tó já fúnra ẹ̀ ni kó o ṣà, má ṣa ti ẹ̀gbẹ́ títì tí èéfín mọ́tò ti bò, fọ̀ ọ́, ju ẹyọ kan sínú nǹkan bí ogún lítà sí ogójì. Omi á pọ́n bíi tíì, ó máa kan díẹ̀, ó sì máa ń dí bakitéríà lọ́wọ́ díẹ̀. Tómi bá dọ̀tí sha, ewé ò lè gbà á.

Ìbéèrè: Nǹkan funfun kan ti ń yọ létí ìrù betta. Ṣé èbu ni?

Ìdáhùn: Tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà á kọjá, tí etí ẹ̀ dán, ìrù tuntun nìyẹn, kì í ní àwọ̀ níbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ máa dé tó bá yá, ó sì lè má rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Èbu máa ń ní irun bí òwú. Ya fọ́tò ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ojú nìkan máa ń tan èèyàn.

Ìbéèrè: NEPA máa ń mú iná lọ fún wákàtí púpọ̀.

Ìdáhùn: Ra ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń lo bátìrì, fi sponge filter, ìyẹn fílítà onífóòmù, sí i. Bakitéríà fílítà náà ń mí, tí omi bá dúró pẹ́ nínú ẹ̀ wọ́n á kú, tíná bá dé kó o kọ́kọ́ ṣàn án kó o tó tan án, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí yẹn ló máa tú padà sórí ẹja. Nígbà tíná ò bá sí, dín oúnjẹ kù.

Ìbéèrè: Ọwọ́ mi ní egbò díẹ̀, ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Wọ ìbọ̀wọ́. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Mycobacterium marinum lè wà nínú omi ẹja, ó lè gba egbò wọlé, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Má sì fẹnu fa rọ́bà tó o fi ń fa omi, bí àwọn tó ń fa epo nínú táǹkì mọ́tò.

Ìbéèrè: Tí ara goldfish bá yá tán tí mi ò lè tọ́jú wọn mọ́, ṣé kí n dà wọ́n sínú odò?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní oṣù keje ọdún 2021, ìlú Burnsville ní Minnesota, Amẹ́ríkà, ní láti bẹ àwọn aráàlú kí wọ́n má da goldfish sínú adágún omi mọ́, torí àwọn tí wọ́n rí kó nínú Keller Lake ti di ẹja ńlá, wọ́n sì máa ń tú ilẹ̀ adágún sókè títí omi á fi dàrú. Wá ẹni tó ní táǹkì ńlá, kó wọn fún un, kó o sì sọ pé wọ́n ti ṣàìsàn kó lè kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Betta ní tiẹ̀, má fi sí wọn láàárín, omi tó móoru láti 24 sí 28°C lòun fẹ́, goldfish fẹ́ omi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.