Kí Lẹ Fẹ́ Fi Kàyé Yín Ṣe?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kétu, ní Benin, ló ń ra kàyé (ìwé ìkọ̀wé) pé àwọn fẹ́ máa kọ nǹkan sílẹ̀. Kó tó oṣù kan, ọmọdé ti ń ya àwòrán sínú rẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ ló fà á. Wọn ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ ọ́ fún ni. Gbèsè oníbàárà, ìtàn ìdílé àti ọ̀rọ̀ inú ẹni kò ṣe é kọ bákan náà, wọn ò sì gbọdọ̀ wà nínú kàyé kan.

Ti gbèsè ló rọrùn jù. Ẹ fa ìlà sójú ewé fún ọjọ́, orúkọ, ọjà, iye tó jẹ, iye tó san àti iye tó kù. Ẹni tó gbé ọjà 12 500 sẹ́fà (owó CFA), tó san 5 000, ojú rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ 7 500. Ẹ má kọ "Ìyá Bọ́sẹ̀" lásán, wọ́n pọ̀ lọ́jà. Ẹ fi àdúgbò àti ohun tó ń tà kún un. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo gba orí rẹ̀, kí ẹ kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti pa á rẹ́ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn ìdílé ló jẹ mí lógún jù, torí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ò ní dúró dè wá. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ẹnu ẹni tó ti gbọ́ ọ. Bí bàbá ò bá mọ ọdún tí wọ́n bí àbúrò wọn, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ọmọ náà ti ń rìn nígbà òmìnira, ní 1960? Ṣé wọ́n ti bí i kí Dahomey tó di Benin ní 1975? Ti àwọn baba ńlá, ogun ọba Dahomey àtijọ́ tó fọ́ Kétu ní 1886 ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: ta ló bá ogun lọ, ta ni wọ́n kó lẹ́rú, ta ló padà wálé? Bí ìdáhùn méjì bá ta kora, ẹ kọ méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, ti èdè Kétu ti èdè Kétu. Ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá inú Bíbélì. Ẹ fi àmì ohùn sórí oríkì. Láìsí i, ọmọ-ọmọ yín lè kà á, àmọ́ kò ní lè kì í.

Ọ̀rọ̀ inú ẹni ò lófin. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wá, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tójú ò tó.

Bíkì (bírò) lásán ni kí ẹ fi kọ gbogbo kàyé yín. Yíǹkì olómi máa ń ṣàn bí òjò bá kàn án. Ẹ má gbé kàyé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kó fara ti ògiri amọ̀, nítorí ikán. Agolo tó ní ìdérí, lórí pẹpẹ, ló dáa. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ṣí i sátẹ́gùn lábẹ́ ibòji, torí oòrùn máa ń mú kí ìwé ṣá. Kí ẹ sì fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí Kútọnu.