Ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ dé lára odídẹrẹ́, àti ibi tí kò yẹ

Bí ẹ bá yà sílé ẹni tó ń sin odídẹrẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, yálà lápá Tákíé ni tàbí ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n, ohun kan náà ni wọ́n á sọ fún yín. Ẹ fọwọ́ ra á lẹ́yìn títí dé ìrù, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gbá a mọ́ àyà. Ẹ fi ẹ̀pà sáàárín ètè kó wá fẹnu mú un. Wọ́n gbà pé bí a bá ṣe ń fọwọ́ kàn án tó ni yóò ṣe fẹ́ràn wa tó. Tó bá wá di ọdún mélòó kan, tí ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọmọ ilé jẹ, tó ń fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu, wọ́n á ní abara-móore-jẹ ni. Èmi ò dá ẹyẹ náà lẹ́bi.

Ẹ wo bí odídẹrẹ́ méjì ṣe ń ṣe síra wọn. Orí àti ọrùn ni wọ́n ń bá ara wọn yẹ̀ wò, torí pé ibẹ̀ ni ẹnu ẹyẹ kò lè dé lára òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn, ikùn, abẹ́ apá àti ìdí ìrù, akọ àti abo tó ń gùn ara wọn ló ni ìyẹn. Nítorí náà, ọwọ́ tí ẹ ń rà lọ sí ìdí ìrù ń kọnu ìfẹ́ sí i ni, kì í ṣe ìfẹ́ òbí sí ọmọ. Nígbà tó ṣì kéré, kò níí ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún 3 sí 5 ni odídẹrẹ́ ń bàlágà, ìgbà náà ni ara rẹ̀ á wá dáhùn: á tẹ̀ ba, á jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, á máa gbọ̀n, á gbé ìrù sókè.

Á tún máa pọ oúnjẹ. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù nìyí. Wọ́n á ní inú ló ń run ún, tàbí pé ẹnìkan fún un ní nǹkan jẹ, ẹlòmíràn á sì sáré lọ sọ́dọ̀ olóògùn. Bẹ́ẹ̀, bí odídẹrẹ́ ṣe ń bọ́ ẹni tó fẹ́ nìyẹn. Á máa ju ọrùn sókè sódò, ojú rẹ̀ á wà lára yín, oúnjẹ á sì jáde wọ́ọ́rọ́. Èyí tó ń ṣàìsàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀: á máa mi orí, èébì á ta sí ìyẹ́ orí rẹ̀, ara rẹ̀ á sì rọ. Èyí ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Abo tí wọ́n ń rà lẹ́yìn lójoojúmọ́ lè máa yé ẹyin láìrí akọ rárá. Lára èròjà tó ń mú egungun rẹ̀ le ni èèpo ẹyin ti ń jáde. Bí èyí bá ń tún ṣẹlẹ̀, egungun á fúyẹ́, ẹyin sì lè há sínú rẹ̀, kó pa á. Akọ ní tirẹ̀ á máa jowú, ẹnikẹ́ni tó bá súnmọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ á jẹ ìyà ẹnu rẹ̀.

Ti gbígbá mọ́ra léwu lọ́nà míì. Ẹyẹ kò ní irú iṣan tó la àárín àyà àti ikùn wa, tó ń bá wa fa èémí. Egungun àyà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa lọ síwá sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Bí ọmọdé bá dì í mọ́ra pinpin, imú rẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ kò níí rí èémí mí.

Ẹ̀pà àárín ètè náà ńkọ́? Itọ́ ẹnu wa ní kòkòrò àrùn tí kò bá ara ẹyẹ mu. Tirẹ̀ náà lè ran wá: kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Chlamydia psittaci, tó ń bá eruku ìgbẹ́ àti ìyẹ́ odídẹrẹ́ tó lárùn wọ inú èèyàn. Ibà, ẹ̀fọ́rí àti ikọ́ gbẹrẹfu ló ń mú wá, ibà ẹ̀fọn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn á pè é. Oògùn doxycycline ń wò ó, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ ń sin odídẹrẹ́. Ẹ sọ fún un kó tó béèrè.

Orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ etí àti ọrùn, ẹ ti rí ibi tí ọwọ́ lè dé. Ìka kan tó. Ẹ rọra fi gbé ìyẹ́ náà sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì jẹ́ kó bẹ̀ yín: á tẹrí ba, ìyẹ́ ìpàkọ́ rẹ̀ á wú, á di ojú díẹ̀. Bó bá nàró, tí ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara, tí dúdú ojú rẹ̀ ń súnkì tó sì ń fẹ̀ léraléra, ẹ mú ọwọ́ kúrò. Ẹ fọ ìpara àti tábà kúrò lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. (Ata kò ṣe nǹkan kan, kì í ta ẹyẹ lẹ́nu.) Ìyẹ́ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ ń dùn ún, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń fa ìkóódẹ yọ lórúkọ eré náà kí wọ́n jọ̀ọ́ sinmi. Tí ìyẹ́ bá ń re, yóò já fúnra rẹ̀.

Ẹ lè bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ jẹun lásìkò kan náà, kí ẹ fi ẹyìn ọ̀pẹ kọ́ ọ láti gun orí ọwọ́. Ẹyẹ tí wọ́n ti fi ọwọ́ ríra lẹ́yìn mọ́ lára, ẹ má nà án. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ gbé e sórí igi rẹ̀ láìbínú, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ kó páálí àti agbọ̀n kúrò nítòsí rẹ̀, ó ń rí wọn bí ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú òkùnkùn fún wákàtí 10 sí 12, jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n yín kọ́ ló máa sọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú fún un. Bó bá ti yé ẹyin, ẹ má tètè kó o, torí á yé òmíràn dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sàba lé e títí á fi sú u. Ṣùgbọ́n abo tó jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, tó wú ìyẹ́, tó ń rọbí tí nǹkan kan kò jáde, ẹ má dúró de òwúrọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin.