Bí Owó Kò Bá Sí, Ẹ Fi Ìwé Hàn Wá

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe alárinà láàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́, gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní ìpàdé tó bá ti fẹ́ dìjà, òun náà ni "owó kò sí". Àwọn aláṣẹ a sọ ọ́, àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ a wo ojú ara wọn, wọn a sì dákẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé wọ́n ti gbà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìyanṣẹ́lódì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tó oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé torí iye owó nìkan ni òṣìṣẹ́ fi ń yanṣẹ́ lódì. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ a máa fara da ọdún tí ọjà kò tà, bó bá ti dá a lójú pé ìnira náà kan tọ̀gá tọmọṣẹ́. Ohun tí kì í fara dà ni kí wọ́n ní kó ṣe sùúrù láìjẹ́ kó mọ ìdí rẹ̀.

Mo rántí ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn aláṣẹ rẹ̀ sọ pé oníbàárà ńlá kan jẹ àwọn ní gbèsè, àti pé títí yóò fi san án, àwọn kò lè fi ohunkóhun kún owó oṣù. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkọ̀ tuntun mẹ́ta wọ ọgbà fún àwọn ọ̀gá, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé pé láti ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti san owó wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyanṣẹ́lódì náà gbà. Nígbà tí a wá tẹ́ ìwé ìṣirò owó sórí tábìlì, akápò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kà á láti ojú ewé dé ojú ewé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, a ti fẹnu kò sí i pé wọn yóò fi díẹ̀ kún owó oṣù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyókù yóò sì tẹ̀ lé e nígbà tí gbèsè náà bá wọlé. Ó ṣì ń dùn mí pé ìwé yìí kan náà ti wà nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó.

Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí èyí tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Truitt dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọdún 1956. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ béèrè àfikún sẹ́ǹtì 10 lórí owó wákàtí kan. Ilé-iṣẹ́ náà ní bí òun bá san ju sẹ́ǹtì 2.5 lọ, òun yóò wó. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá, ó kọ̀. Ilé ẹjọ́ sọ pé bí ọ̀rọ̀ kan bá tóbi tó láti fi dúnàádúrà, ó tóbi tó láti fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn. Ní ọdún 1981, àjọ ILO tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé gba àwọn ìjọba nímọ̀ràn pé kí ìhà méjèèjì rí ìsọfúnni tí ìdúnàádúrà tó nítumọ̀ nílò gbà. Jámánì tiẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ju 100 lọ tó sì ní ìgbìmọ̀ aṣojú òṣìṣẹ́, òfin ní kí ìgbìmọ̀ kékeré kan wà tí àwọn aláṣẹ yóò máa ṣàlàyé ipò owó fún.

Ṣùgbọ́n rírí ìwé yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n kà, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń rí àṣìṣe jù. Ilé-iṣẹ́ lè jèrè nínú ìwé kó má sì ní owó oṣù lọ́wọ́, nítorí pé àwìn ló tajà, èrè náà ṣì wà lọ́wọ́ oníbàárà. Ó sì lè pàdánù nínú ìwé kí owó pọ̀ ní báńkì, nítorí pé wọ́n ń yọ iye tí ogbó ń jẹ lára ẹ̀rọ lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó kankan kò jáde ní ọdún yẹn. Nítorí náà, kí aṣojú òṣìṣẹ́ má ṣe wo èrè nìkan. Kó béèrè iye tó wà nílẹ̀, gbèsè tó yẹ kó wọlé àti ọjọ́ tó yẹ kó wọlé, gbèsè tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ, àti owó tí àwọn ọ̀gá ń gbà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń fẹ́ fi pamọ́ jù, òun náà ló sì ń bí òṣìṣẹ́ nínú jù.

Ẹni tó bá rí ìwé náà ní ẹrù tirẹ̀ láti rù. Kò gbọdọ̀ gbé àṣírí òwò ilé-iṣẹ́ lọ síta, ó sì gbọ́dọ̀ padà lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti sọ òtítọ́ tó lè korò létí wọn. Mo bọ̀wọ̀ púpọ̀ fún olórí ẹgbẹ́ tó bá dìde sọ pé, "Mo ti rí i, owó náà kò sí lóòótọ́," nítorí pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti pè ní ọ̀dàlẹ̀ torí gbólóhùn yẹn.

Kò sí èyí tó gba ẹ̀tọ́ láti yanṣẹ́ lódì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Ẹgbẹ́ tí kò lè daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù fún un, mo sì ti rí àwọn aláṣẹ tí kì í ṣí ìwé àfi bí wọ́n bá gbọ́ ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì. Ṣùgbọ́n owó oṣù sábà máa ń dúró nígbà tí iṣẹ́ bá dúró, oníbàárà tó bá sì ti bá ẹlòmíràn lọ lè má padà.

Bí àwọn aláṣẹ bá kọ̀ láti fi ìwé hàn, kí ẹgbẹ́ kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti gbèdéke, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àṣírí òwò ni wọ́n ń bẹ̀rù, ọ̀nà kan wà tó ti ṣiṣẹ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: kí ìhà méjèèjì jọ yan oníṣirò owó kan láti ìta, kí ó ka gbogbo ìwé náà, kí ó sì kọ èsì sí ìbéèrè kan ṣoṣo, ìyẹn ni iye tí ilé-iṣẹ́ náà lè san láàárín oṣù méjìlá tó ń bọ̀ láìwó.