Èémí Aboyún Ju Nọ́ńbà Lọ

Pé ó dáa kí aboyún máa rìn, kó máa nara, ọ̀rọ̀ yẹn ti di àgbọ́túngbọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2020: ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, fún ẹni tí oyún rẹ̀ kò ní ìṣòro. Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé eré ìdárayá ti tó, tàbí pé ó ti fẹ́ pọ̀jù? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ní 1985, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú aboyún ní Amẹ́ríkà (ACOG) ní kí ọkàn aboyún má lù ju ìgbà 140 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n yọ nọ́ńbà yẹn kúrò ní 1994, àmọ́ àwọn kan ṣì dì í mú títí dòní. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ara aboyún ń fi bí ìdajì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ sì ti ń sáré kó tó dìde lórí àga. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ lọ́jọ́ ìnáwó: kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé, ìkòkò mẹ́rin ti wà lórí iná. Ẹni tó bá ń ka ìkòkò láti fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti wọ ìyá náà lọ́rùn, àṣìkà ló ń kà. Ẹnu ìyá náà ni kó wò. Ṣé ó ṣì ń dáni lóhùn, ṣé ó ṣì ń ṣàwàdà, àbí ọwọ́ nìkan ló ń nà sí àwo?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aboyún. Bó bá ń rìn, tó lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin, ó wà níbi tó yẹ. Bí gbólóhùn bá ń já mọ́ ọn lẹ́nu, kó dẹwọ́. Ní kílíníìkì wa, nọ́ọ̀sì á dá orin, àwọn aboyún á gbè é, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á jó. Ó dùn, ó sì dáa. Àmọ́ ẹni tó bá kọ orin náà tán láìsinmi, ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru ni. Òṣùwọ̀n wà lẹ́nu àwọn aboyún fúnra wọn, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kì í sábà sọ fún wọn.

Èyí tí wọ́n máa ń sọ ni "ẹ máa sinmi". Ìsinmi mélòó? Nọ́ọ̀sì ní i lọ́kàn pé kó má ru kẹ́ẹ̀gì omi. Ìyá ọkọ gbọ́ pé kó má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdùbúlẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀. Àwọn tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró wà lóòótọ́: ẹni tí ibi-ọmọ dí ọ̀nà ìbí rẹ̀ lópin oyún, ẹni tí oyún fún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí omirá rẹ̀ ti dà. Ẹnu ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, òòyì, àyà dídùn, ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń ro: ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Fún àwọn tó kù, ìmọ̀ràn tó ní ìwọ̀n kò ju èyí lọ: "Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn dé ọjà láàárọ̀. Bí ẹ ò bá lè dá ẹni tó kí yín lóhùn láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ dúró díẹ̀."