Pápá tí koríko rẹ̀ kò ràn: ṣé ajílẹ̀ ló ń fẹ́ ní tòótọ́?

"Ẹ fi ajílẹ̀ kún un!" Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ń sin màlúù nìyẹn, tó bá ti ní koríko pápá kan kò ràn bíi ti èkejì. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí ajílẹ̀ bá ṣe pọ̀ sí ni koríko á ṣe pọ̀ sí. Torí náà, iye àpò kan náà ni wọ́n ń dà sí gbogbo pápá, wọ́n á sì fi èènì sí èyí tó ń pọ́n. Ó ń dùn mí, torí lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni ń pọn omi sínú agbọ̀n ni.

Èròjà tó wọ́n jù nínú ilẹ̀ ló ń dá koríko dúró, bí àwọn yòókù tilẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jámánì, ló mú kí òye yìí tàn káyé ní ọ̀rúndún 19. Ajílẹ̀ yùríà, náítírójìn nìkan ló ní fún ewéko, nǹkan bí 46 nínú 100. Tó bá jẹ́ fọ́sífọ́rọ́sì ni ilẹ̀ kò ní ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ti kan, tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni ilẹ̀ ṣe kan sí) ti wálẹ̀ ju 5.5 lọ, alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ á máa ba gbòǹgbò jẹ́, fọ́sífọ́rọ́sì á sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ débi tí koríko kò ní rí i mu. Òkúta ẹfun lílọ̀ (lime) ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Yùríà tí à ń dà sí i lọ́dọọdún tún ń mú un kan sí i ni.

Ó sì lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ èròjà rárá. Ẹ mú ṣọ́bìrì, kí ẹ gbẹ́ ihò kan nínú pápá tó dára, kí ẹ gbẹ́ òmíràn nínú èyí tí kò ràn. Níbi tí pátákò màlúù tàbí táyà katakata ti tẹ ilẹ̀ pa, gbòǹgbò á lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, á wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni forí sọ ògiri. Níbi tí omi ti ń dúró, ilẹ̀ á rí bí eérú, pẹ̀lú àmì bí ìpẹtà, ó sì lè máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Níbẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ náítírójìn di afẹ́fẹ́, á sì bá atẹ́gùn lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, tí èmi kà sí pàtàkì jù, ni ìtàn pápá náà. Ẹni tó ń gé koríko kó lọ fún ẹran, èròjà pòtáṣíọ̀mù inú ilẹ̀ ló ń bá ẹrù kọ̀ọ̀kan lọ. Níbi tí màlúù ti ń jẹko fúnra wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bá ìtọ̀ wọn padà sílẹ̀, àmọ́ abẹ́ igi àti ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń mumi ló ń kó sí. Bí pápá méjì tí ọgbà kan ṣoṣo pín níyà ṣe ń di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kí ẹ tó ra àpò mìíràn, ẹ bu ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ bù ú níbi 20 ó kéré tan nínú pápá kan, sẹ̀ǹtímítà 10 àkọ́kọ́, kí ẹ yẹra fún ẹnu ọ̀nà, abẹ́ igi àti orí ìgbẹ́ màlúù. Pápá kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá tirẹ̀. Tí ẹ bá da ti méjì pọ̀, èsì tó máa jáde kò ní jẹ́ ti èyíkéyìí nínú wọn.