Émulsion: ohun tó ń mú smoothie píà àti kòkó ki

Ẹ da òróró àti omi sínú ìgò kan, òróró á léfòó, omi á wà nísàlẹ̀. Ẹ mì ín tìtì, wọ́n á jọ ṣe ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀, kò ní pẹ́ tí kálukú á fi padà sí àyè rẹ̀. Àmọ́ bí òróró náà bá fọ́ sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí nǹkan kan sì bo ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa tún lẹ̀ mọ́ra, àdàpọ̀ náà á dúró. Òun ni wọ́n ń pè ní émulsion. Wàrà màlúù jẹ́ émulsion. Mayonnaise tí wọ́n ń fi sí búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà jẹ́ émulsion. Smoothie píà (avocat) àti kòkó tí ẹ ń lọ̀ nínú mixeur nílé náà, émulsion ni, ibẹ̀ sì ni kíki rẹ̀ ti ń wá.

Ó yẹ ká mọ èyí dáadáa, torí pé bí ohun mímu náà bá ti ṣàn jù, wàrà dídùn inú agolo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) máa ń sáré bù sí i. Ó máa dùn lóòótọ́, ó sì lè ki díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíbí ìjẹun kan wàrà yẹn tó nǹkan bí gíráàmù 20, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ ṣúgà, ohun tó mú kí ohun mímu náà ṣàn sì ṣì wà níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu bó ṣe máa ki tó: ọ̀rá tó wà nínú píà, bí píà náà ṣe rọ̀ tó, àti ìwọ̀n omi tó wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rá ló ṣe pàtàkì jù. Píà tí wọ́n ń tà jù ní Yúróòpù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Hass: kékeré ni, èèpo rẹ̀ rí háíháí, ó sì máa ń dúdú bó bá pọ́n. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ọ̀rá tó gíráàmù 15, omi tó 73, fíbà tó 7. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ìlànà smoothie lédè Faransé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní lọ́kàn. Avocat ti ilẹ̀ wa, láti Àjàṣẹ́ dé Sakété, Pobè àti Kétu, sábà máa ń tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èèpo rẹ̀ ń dán, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń wà ní àwọ̀ ewé títí wọ́n fi pọ́n. Ìran Antilles ni irú píà bẹ́ẹ̀, ìran tó fẹ́ràn ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó móoru. Ọ̀rá inú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 3 sí 10 nínú 100.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Bí ìlànà bá ní kí ẹ lo gíráàmù 150, Hass á fún yín ní nǹkan bí gíráàmù 22 ọ̀rá. Ti ilẹ̀ wa lè fún yín ní 10, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán ọ̀rá dín kù, omi pọ̀ sí i, ló bá di pé ohun mímu náà ń ṣàn. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, apá kan á ki lókè, omi á sì sun sísàlẹ̀ ife. Ẹni tó tẹ̀ lé ìlànà náà kò ṣe àṣìṣe kankan; ìlànà ló yàtọ̀ sí èso tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ lè mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ti là á. Èyí tó lọ́ràá, inú rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ó ṣù mọ́ra, ó máa ń ṣẹ́ kù sára ọ̀bẹ, bí ẹ bá sì fi ìka méjì pa díẹ̀ lára rẹ̀, ìka á máa dán. Inú olómi funfun díẹ̀, ojú ibi tí ẹ là máa ń sun omi, ọ̀bẹ á sì jáde láìsí nǹkan kan lára rẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ó kàn jẹ́ pé olómi nílò ìrànlọ́wọ́, màá sì sọ ọ́ níwájú.

Lẹ́yìn ọ̀rá ni rírọ̀. Píà kì í pọ́n lórí igi. Ìgbà tí wọ́n bá já a ló ń bẹ̀rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì píà ni ẹ̀kán òróró wà, bó sì ṣe ń rọ̀ ni ògiri àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń tú, tí òróró fi ń ráyè jáde bí abẹ mixeur bá kàn án. Píà tí kò tíì rọ̀ tán, bí ẹ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á ṣì máa rí ṣàkìṣàkì lẹ́nu, á sì korò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ níbi ọrùn, lẹ́bàá ibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka. Bí ibẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀ sábẹ́ ìka, ó ti tó. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó ti kọjá. Èyí tó le, ẹ fi í sínú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n. Afẹ́fẹ́ éthylène tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń mú kó tètè rọ̀. Ẹ má ṣe gbé e sínú frigo nígbà tó ṣì le, torí pé òtútù máa ń ba ìran Antilles jẹ́ ju Hass lọ: inú rẹ̀ á ní ilà pípọ́nrúsúrúsú, apá kan á rọ̀, apá kan á le títí. Bó bá ti rọ̀, frigo lè bá yín tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Ní ti omi, ìwọ̀n wàrà tí mo kọ sísàlẹ̀ ló máa pinnu rẹ̀. Ó ku kòkó. Ẹ yẹ páálí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Àwọn èròjà tí wọ́n kọ síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ló máa ń ṣáájú. Bí "sucre" bá wà níwájú "cacao", ṣúgà tí wọ́n fi kòkó kùn lẹ ń rà. "Cacao en poudre" nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tún rí "carbonate de potassium", wọ́n ti fi èròjà yẹn pa kíkan inú kòkó náà: á dúdú sí i, kíkorò rẹ̀ á rọlẹ̀, á sì tètè pò mọ́ omi, àmọ́ púpọ̀ nínú flavanol, ìyẹn èròjà tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ yin kòkó, ti bá a lọ. Bí ìlera lẹ ń wá, ẹ mú èyí tí kò ní in.

Ìdí tí kòkó fi máa ń di kókó-kókó nínú wàrà tútù ni pé ọ̀rá ṣì wà lára ìyẹ̀fun rẹ̀. Láti 1828 tí ìdílé van Houten ní ilẹ̀ Hólàǹdì ti gba ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìfún kòkó ni wọ́n ti ń fún ọ̀rá rẹ̀ jáde, síbẹ̀ wọn kì í fún un tán. Gíráàmù 10 sí 12 tàbí 20 sí 22 ló máa ń ṣẹ́ kù nínú 100. Ọ̀rá yìí kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 34, torí náà wàrà tútù kò lè wọ inú ìyẹ̀fun náà. Omi gbígbóná ni ẹ máa kọ́kọ́ fi pò ó. Ìyẹ̀fun kòkó tó bá pò dáadáa tún ń ran émulsion lọ́wọ́: àwọn hóró rẹ̀ tó kúnná máa ń dúró sára ẹ̀kán òróró, puroteéènì inú wàrà náà á sì bo èyí tó kù.

Fún ife méjì, ẹ wá píà gíráàmù 150, ìyẹn ìdajì èyí tó tóbi tàbí odindi kékeré. Ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí ìjẹun 2, tó jẹ́ bíi gíráàmù 12. Omi gbígbóná ṣíbí ìjẹun 4. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 1 tó ti pọ́n tó ní àmì dúdú lára. Wàrà tútù mìlílítà 200. Yìnyín 5 tàbí 6. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ìdajì ṣíbí kékeré. Àti iyọ̀ tí orí ìka méjì lè mú. Ẹ má fo iyọ̀ yẹn, òun ló ń jẹ́ kí adùn kòkó jáde láìsí ṣúgà.

Ẹ fọ èèpo píà kí ẹ tó là á, torí pé ọ̀bẹ máa ń gbé ìdọ̀tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú. Ẹ po kòkó àti iyọ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná títí kò fi ní sí kókó kankan, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fọ́n omi ọsàn sórí píà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sínú wàrà: bí kíkan bá pọ̀ nínú wàrà, puroteéènì rẹ̀ á dì, ẹ á sì rí i ní hóró-hóró. Wàrà ni kó kọ́kọ́ wọ mixeur, torí pé abẹ nílò ohun tó ń ṣàn lábẹ́ kó tó lè fa èyí tó le mọ́ra. Kòkó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti píà. Ẹ lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ wá mú kó yára fún 40. Yìnyín ló kẹ́yìn, fún 15 sí 20. Ó yẹ kó ki tó ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù. Bí ẹ bá fi ìka fa ilà sẹ́yìn ṣíbí tí ẹ tì bọ̀ ọ́, ilà náà kò gbọdọ̀ tètè pa dé.

Bí abẹ bá ń yí lásán tí nǹkan kan kò mì lókè, afẹ́fẹ́ ló há sísàlẹ̀. Ẹ yọ iná, ẹ fi ṣíbí tì í, ẹ fi wàrà ṣíbí méjì kún un. Ẹ má kàn jẹ́ kó máa lọ̀. Bí abẹ bá yí pẹ́ jù, ohun mímu náà á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, píà sì máa ń korò bí ooru bá kàn án. Ìfófòó á tún pọ̀ lójú rẹ̀. Ooru kan náà ló ń mú kí ti àwọn tó ń lo wàrà Fúlàní tó ṣì gbóná korò. Ó dára pé kí ẹ sè é kó hó kí ẹ tó lò ó, àmọ́ ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Wàrà sóyà náà dáa, bí kò bá ṣáà ti ní ṣúgà.

Ní báyìí, píà olómi. Ẹ sọ ọ́ di gíráàmù 200, kí ẹ dín wàrà kù sí mìlílítà 120, kí ẹ wá wá ọ̀rá kún un láti ibòmíràn. Ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ní iyọ̀ àti ṣúgà, èyí tí wọ́n ń bù tà ní ọjà Ouando, ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ á fi bíi gíráàmù 8 ọ̀rá kún un, ó sì bá kòkó mu dáadáa. Fún èmi, kajú ló dáa jù. Ṣábẹ̀ẹ́ àti agbègbè rẹ̀ ń gbìn ín gan-an, adùn rẹ̀ kì í bo ti kòkó mọ́lẹ̀, gíráàmù 30 rẹ̀ sì ní bíi 13 ọ̀rá. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí mẹ́ta, ẹ da omi náà nù, kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú wàrà kó kúnná kí píà tó wọlé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ mu ún bóyá ẹ̀pà tàbí kajú máa ń bá ara rẹ̀ jà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídì dípò yìnyín náà ń ranni lọ́wọ́, kì í tú omi sílẹ̀ bí yìnyín ṣe ń tú u.

Ní ti ìlera, òtítọ́ ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rá píà jẹ́ oléic, irú èyí tó pọ̀ nínú òróró ólífì, fíbà àti pọtáṣíọ̀mù rẹ̀ sì pọ̀. Àmọ́ oúnjẹ ni ohun mímu yìí, ẹ má mu ún bí omi lẹ́yìn àmàlà. Ife kan tí wọ́n fi Hass ṣe tó nǹkan bí kalórì 240. Ẹni tí dókítà ti ní kó dín pọtáṣíọ̀mù kù nítorí kíndìnrín, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà náà kó tó mu ún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa ti tó láti mú un dùn. Bí ẹ bá fẹ́ oyin, ṣíbí kékeré kan tó, kí ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí pé kòkòrò tó ń fa àìsàn botulisme lè wà nínú oyin.

Bí iná bá lọ, ẹ lè fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ti píà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ gba inú asẹ́ kíkúnná, ibẹ̀ ni okùn wẹ́wẹ́ inú píà á ti há. Ẹ wá máa da wàrà sí i díẹ̀díẹ̀, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ ṣe ń fi fọ́ọ̀kì lù ú. Bí ẹ bá da gbogbo wàrà sí i pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á di hóró tó ń léfòó.

Ẹ má tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù ju wákàtí 24 lọ nínú frigo. Afẹ́fẹ́ ló ń bá ènzáímù inú píà ṣiṣẹ́ láti mú un dúdú. Àwọ̀ kòkó á bò ó, ahọ́n ló máa mọ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò títí dé ọrùn kí afẹ́fẹ́ má ráyè. Píà fúnra rẹ̀ ló dáa láti tọ́jú nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà: ẹ gún gíráàmù 200 mọ́ ṣíbí kékeré kan omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú àpò ọ̀rá, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ gbé e sínú congélateur. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Dídì máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kò ní dáa fún sàláàdì mọ́, ṣùgbọ́n kò ba smoothie jẹ́. Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bó ṣe dì yẹn kí ẹ jù ú sínú mixeur, kí ẹ má fi yìnyín sí i rárá.