Owó Ìfẹ̀yìntì Ló Ń Fa Agbára Yúróòpù Sẹ́yìn

Lọ́dún 1950, bí ẹ bá ka èèyàn márùn-ún láyé, ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn á jẹ́ ará Yúróòpù. Lónìí, wọn ò pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá mọ́. Torí ẹ̀ làwọn kan ṣe ń sọ pé agbára Yúróòpù ti tán nìyẹn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣírò iye èèyàn, èmi ò sì gbà pé ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé pípọ̀ nìkan ni agbára, Gẹ̀ẹ́sì ò ní lè jọba lórí Íńdíà tó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ọjọ́ orí ni kí ẹ máa wò.

Kí iye èèyàn má bàa dín, àfi kí obìnrin kọ̀ọ̀kan bí ọmọ méjì ó lé díẹ̀. Ní Ítálì, ìpíndọ́gba wọn ní 2023 ò ju 1.2 lọ. Bùlgáríà tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀: wọ́n tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án níparí àwọn ọdún 1980, àmọ́ nígbà ìkànìyàn 2021, mílíọ̀nù mẹ́fà àtààbọ̀ ló kù. Kì í ṣe àìbímọ nìkan, àwọn ọ̀dọ́ ló kó ẹrù wọn lọ sílẹ̀ òkèèrè.

Àpò ìjọba ni ìṣòro náà ti ń hàn jù. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), ìyẹn ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ dá sílẹ̀, bíi mẹ́ta péré làwọn tó wà lọ́jọ́ orí iṣẹ́ fún ẹnì kan tó ti pé ẹni ọdún 65. Owó orí àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n fi ń san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n máa fi ra ohun ìjà, tí wọ́n máa fi ṣe ìwádìí, tí wọ́n máa fi ran orílẹ̀-èdè míì lọ́wọ́. Ó sì ṣòro fún olóṣèlú láti fọwọ́ kan owó àgbà, torí àwọn àgbà kì í fi ìbò ṣeré. Nígbà tí ìjọba Faransé ṣòfin ní 2023 pé kí ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì kúrò ní 62, kó di 64, ìgboro dàrú.

Ó tún kan ìbò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ òfin Ìṣọ̀kan náà ò lè kọjá nínú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, àfi kí àwọn tó fọwọ́ sí i ṣojú ìdá 65 nínú 100 àwọn aráàlú. Ìlú tí èèyàn rẹ̀ bá ń dín, ìbò rẹ̀ náà á máa fúyẹ́.

Jámánì ló fi ọ̀nà àbáyọ hàn mí. Láti 1972, lọ́dọọdún làwọn tó ń kú níbẹ̀ fi ń ju àwọn tí wọ́n ń bí lọ. Síbẹ̀, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 80, torí àwọn àjèjì tó ń wọlé. Ohun tó ń dùn mí ni pé nọ́ọ̀sì àjèjì tó ti kọ́ṣẹ́ yanjú nílùú rẹ̀ ṣì lè jókòó lásán fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí Jámánì tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀.